Merriam-Webster orí ayélujára: ó mọ ọjọ́ orí ọ̀rọ̀, kì í sábà sọ ìlú tí wọ́n ti bí i

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà lásìkò ìbò yóò bá "gubernatorial", "running mate", "landslide", "caucus" àti "bandwagon" pàdé láàárín ojú ewé kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 pa ètò ìjọba ti Ìlú Ọba tì, ó mú ti Amẹ́ríkà: ààrẹ tí gbogbo ìlú dìbò yàn, gómìnà tí ìpínlẹ̀ dìbò yàn. Bí ètò náà ṣe wọlé ni àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e wọlé.

Oníròyìn, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ògbufọ̀ tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sí merriam-webster.com, ìkànnì ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní orúkọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ni àyẹ̀wò yìí dá lé: ṣé ìkànnì náà lè sọ fún ènìyàn pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀? Ó lè sọ ìdajì. Ìdajì tó kù, ibòmíràn la ti máa wá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ kúrò nílẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń ra ti orí àtẹ. Noah Webster gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ tó tóbi jù jáde lọ́dún 1828, ìdìpọ̀ méjì, nǹkan bí 70,000 ọ̀rọ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà sínú rẹ̀, bíi "skunk", "hickory" àti "chowder", òun náà ló sì fi ẹsẹ̀ "color" àti "center" múlẹ̀. Ó kú lọ́dún 1843. George àti Charles Merriam ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ra ẹ̀tọ́ ìwé náà. Àmọ́ orúkọ "Webster" nìkan kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Òǹtẹ̀wé tó bá wù ú ló lè kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Springfield. Ẹ ṣí i, kí ẹ rí "Merriam-Webster" gan-an lójú ewé tí wọ́n kọ orúkọ òǹtẹ̀wé sí kí ẹ tó sanwó. Èyí tí àwọn olóòtú ń lò jù ni wọ́n ń pè ní Collegiate. Ẹ̀dà kọkànlá rẹ̀ jáde ní 2003, ẹ̀dà kejìlá ní 2025, wọ́n sì máa ń kọ ọdún tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ jáde síwájú ìtumọ̀.

Ní ti ìkànnì, bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwádìí, ìtumọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú àmì gbohùngbohùn tí ẹ lè tẹ̀ láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ máa yí ojú ewé náà sísàlẹ̀, kọjá ìpolówó ọjà, kọjá àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ, títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n kọ "Word History" sí. Abẹ́ rẹ̀ ni orírun ọ̀rọ̀ wà, lẹ́yìn náà "First Known Use", ìyẹn ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn olóòtú rí. Gbólóhùn kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún náà tí àwọn tó ń kánjú kì í kà: ó ń sọ pé ìtumọ̀ kìíní ni ọdún náà jẹ tirẹ̀, tàbí ìtumọ̀ kejì, tàbí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìtumọ̀ kìíní "landslide" ni ilẹ̀ òkè tó ya lulẹ̀. Ìtumọ̀ ti ìbò, nígbà tí olùdíje kan bá fi ìbò gọbọi lu alátakò rẹ̀, dé lẹ́yìn náà nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún kan náà. Ẹni tó bá mú ọdún ti ilẹ̀ yíya fún ti ìbò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣìnà, ìkànnì náà ò sì ṣẹ̀ ẹ́. Bákan náà, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kálukú ní ọdún tirẹ̀. Ẹ wo méjèèjì.

Ohun èlò kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Time Traveler. Ẹ yan ọdún kan, yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún náà síta. Ó wúlò fún olùkọ́ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí irú ayé tí ọ̀rọ̀ kan bá wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ Scotland, ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà ló dà pọ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó bí ẹni pé àwọn ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló wà níbẹ̀.

Níbi tí ìkànnì yìí ti tayọ ni òtítọ́ nípa orírun. Ẹ wo "OK". Àwọn kan ní èdè Wolof ti Senegal ló ti wá, àwọn kan ní ti àwọn Choctaw, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni, àwọn mìíràn ní "Old Kinderhook", orúkọ ìnagijẹ Martin Van Buren, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni. Merriam-Webster fi 1839 sí i, ó ní ìkékúrú "oll korrect" ni, ìyẹn "all correct" tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ lódì. Ohun tí onímọ̀ èdè Allen Walker Read fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní àwọn ọdún 1960 nìyẹn, lẹ́yìn tó tú ìwé ìròyìn àtijọ́ palẹ̀: ọ̀rọ̀ náà wà nínú Boston Morning Post ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1839, lásìkò tí àwọn oníròyìn ìlú Boston ń fi irú ìkékúrú bẹ́ẹ̀ dápàárá. Ìpolongo ìbò Van Buren lọ́dún 1840 ló gbé e káàkiri, òun kọ́ ló bí i. Ìtàn Wolof dùn létí ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ tó dára kì í tìtorí adùn gba ìtàn.

"Caucus" náà fi ìwà yẹn hàn. John Adams kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní Boston lọ́dún 1763, nípa ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé láti pín ipò kí ìbò tó dé. Orírun rẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni dájú. Bí ẹ bá rí ìkànnì tó sọ láìmikàn pé ọ̀rọ̀ èdè Algonquian, ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni, ẹ fura sí ìkànnì náà lórí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù pẹ̀lú.

Fún àwọn oníròyìn rédíò àti tẹlifíṣàn, ohùn tó wà níbẹ̀ wúlò gan-an. "Gerrymander" ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Elbridge Gerry, gómìnà Massachusetts, fọwọ́ sí òfin tó pín àgbègbè ìdìbò lọ́nà tí yóò gbe ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1812. Boston Gazette ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún náà ya ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè ọ̀hún ní ẹranko abìyẹ́, wọ́n sì so orúkọ Gerry mọ́ "salamander", ẹranko kan tó jọ alángbá. "G" tó wà nínú "gómìnà" ni wọ́n fi ń pe orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n "j" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ọ̀rọ̀ náà lónìí. Ìkànnì fi ti "j" ṣíwájú, ó sì jẹ́ kí ti "g" wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó tún ẹnìkejì ṣe.

Èyí tó wú ògbufọ̀ lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn sínú ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá pọn dandan. Ẹ wo "grandfather clause". Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé àdéhùn lè kọ "abala òfin bàbá àgbà" sílẹ̀ kó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n Merriam-Webster sọ ohun tó jẹ́: lákọ̀ọ́kọ́, àyọsọ́tọ̀ fún ẹni tó ti wà lórí ọ̀rọ̀ kí òfin tuntun tó dé, lẹ́yìn náà, abala òfin tó wà nínú ìwé òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti fi ìdánwò ìwé kíkà àti àwọn ìdènà mìíràn dí ojú ọ̀nà ìbò. Wọ́n wá ní ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ti ń dìbò kí ọdún 1867 tó dé kò ní láti ṣe é. Bàbá àgbà àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́. Òfin ò gbà wọ́n láyè ìbò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé e lọ́dún 1915 nínú ẹjọ́ tó ti Oklahoma wá. Ògbufọ̀ tó bá mọ èyí yóò wá ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí, bíi "àyọsọ́tọ̀ fún àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀", yóò sì mọ̀ pé níwájú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Àléébù ńlá rẹ̀ wá nìyí: ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà ni, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni ó kà sí Gẹ̀ẹ́sì lásán. Ẹ tẹ "lift" ti ilé alájà, àmì tó ní ti Ìlú Ọba ni wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ "pavement" ní ìtumọ̀ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, àmì kan náà. Ẹ wá tẹ "elevator" àti "sidewalk", kò sí àmì kankan. "Colour" gan-an, wọ́n á ní bí àwọn Ìlú Ọba ṣe ń kọ "color" ni. Ẹni tó ń kàwé láti Ìbàdàn tàbí Kútọnu lè rò pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ti gbogbo ayé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ìkànnì yìí, àìní àmì kò túmọ̀ sí nǹkan kan, àyàfi pé ará Springfield kò rí i bí àjèjì. Àmì "US" máa ń wà lára ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sì tó ohun tí ènìyàn lè gbára lé.

Ilé-iṣẹ́ kan náà mọ̀ nípa èyí, torí ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Learner's Dictionary, tó jáde lọ́dún 2008, ń fi "US" àti "British" sára ọ̀rọ̀ dáadáa. Bí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà lónìí, ẹ lo ìyẹn, tàbí Cambridge Dictionary lórí ayélujára. Ọ̀fẹ́ ni Cambridge, ohùn méjì ló ní fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ti UK àti ti US, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí apá kejì ń lò sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ lónìí yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti bí i, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ń da méjèèjì pọ̀. "Fall", ìgbà tí ewé ń wọ́, ará Amẹ́ríkà ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn tó bí i ló pa á tì. "Gotten" náà rí bẹ́ẹ̀. "Soccer", tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wa ń fi bú Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé e kúrú láti ara "association" ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní òdìkejì, "belittle", tí kò sí ẹni tó ń fura sí mọ́, Thomas Jefferson ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1780. Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀ lọ́dún 1787. Merriam-Webster kò ní àmì tó ń ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀.

Èyí tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ ni Oxford English Dictionary. Níbẹ̀, "originally U.S." túmọ̀ sí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i kó tó tàn kálẹ̀, "chiefly U.S." túmọ̀ sí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lò ó jù, "U.S." lásán túmọ̀ sí pé kò kúrò níbẹ̀. Ó tún ń kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an, orúkọ ìwé ìròyìn tàbí ìwé tó ti jáde, àti ọjọ́. Merriam-Webster ń fún yín ní ọdún láìsí ẹ̀rí tí ẹ lè yẹ̀ wò, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi í nìkan gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ.

Àkànlò èdè ni ibi kejì tó ti jákulẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "pass the buck", ìyẹn kí ènìyàn ti ojúṣe rẹ̀ sọ́rùn ẹlòmíràn, ìtumọ̀ yóò jáde, àpẹẹrẹ yóò jáde, ṣùgbọ́n kò sí ọdún, kò sí orírun. Ẹ kò ní rí i níbẹ̀ pé ìdí káàdì póókà ló ti wá ní Amẹ́ríkà. "Bandwagon" dára díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ kan ni: ọkọ̀ ẹṣin tó ń gbé onílù àti afunfèrè nígbà tí àwọn eléré bá ń yíde ìlú, tí àwọn olóṣèlú wá ń fi polongo. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di méjì, mẹ́ta, ẹ múra láti wá a níbòmíràn. Fún ọ̀rọ̀ ìgboro, kò sí ohun tó dà bíi Green's Dictionary of Slang, iṣẹ́ Jonathon Green. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ló jẹ́ nígbà tó jáde lọ́dún 2010. Ó ti wà lórí ayélujára báyìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó to gbólóhùn àpẹẹrẹ ní ọdọọdún, ó sì ń kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ó fi rí "US" tàbí "UK" kedere.

Ìrànlọ́wọ́ tó yá jù ni Etymonline, ìkànnì orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ Douglas Harper. Ọ̀fẹ́ ni, ojú ewé rẹ̀ fúyẹ́, kì í jẹ dátà. Ohun tí a ń wá gan-an ló máa ń kọ: ọdún, lẹ́yìn rẹ̀ "American English", bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ó tún máa ń ya ìtumọ̀ òṣèlú sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọdún tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé inú ìwé àwọn ẹlòmíràn ló ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, kì í sì í sábà fi gbólóhùn àtijọ́ hàn. Ìlànà tó dára ni pé kí Merriam-Webster àti Etymonline bá ara wọn mu kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde. Bí ọdún wọn bá fi púpọ̀ yàtọ̀ síra, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà ń sọ. Ẹ padà lọ ka gbólóhùn kékeré tí mo ti sọ lókè.

Fún ọ̀rọ̀ tí agbègbè kan ṣoṣo ń sọ, DARE ni, ìwé atúmọ̀ àwọn ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà láti Yunifásítì Wisconsin ní Madison. Láàárín 1965 sí 1970, Frederic Cassidy, olóòtú àgbà rẹ̀, rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ìlú àti abúlé 1,002 pẹ̀lú ìbéèrè tó lé ní 1,600. Ìdìpọ̀ kìíní jáde ní 1985, èyí tó parí àwọn ọ̀rọ̀ dé "Z" jáde ní 2012. Máàpù rẹ̀ lè ya ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu: wọ́n ya ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ènìyàn inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, kì í ṣe bí ilẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Owó ni wọ́n ń gbà lórí odindi rẹ̀, kò sì pọn dandan fún oníròyìn. Fún ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn àròsọ láti gúúsù Amẹ́ríkà, ó tó owó rẹ̀.

Ìtùnú ni bí Merriam-Webster ṣe ń bójú tó ọ̀rọ̀ tó ti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà, àmọ́ ó kù díẹ̀. Ó so "goober", tó jẹ́ ẹ̀pà, mọ́ "nguba" ti èdè Kóńgò. Ó fi "gumbo" sábẹ́ ọ̀rọ̀ Bàǹtú fún ilá. Nígbà tó bá kan ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sábà máa ń kọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá láìdárúkọ èdè. Ẹ gbé ìwádìí Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 1949 ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí èdè Gullah, ti àwọn aláwọ̀ dúdú etí òkun South Carolina àti Georgia, ó sì to ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àti ọ̀rọ̀ mọ́ èdè tó gbà pé wọ́n ti wá, Yorùbá wà lára wọn. Ọdún 1951 ló wá sí University College, Ìbàdàn, fún iṣẹ́ ìwádìí. Àwọn onímọ̀ ti tako díẹ̀ nínú àwọn orírun tó dá lábàá, nítorí náà ẹ fi àwọn ìwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ìpolówó ọjà àti eré ọ̀rọ̀ ti gba ojú ewé àkọ́kọ́ Merriam-Webster ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí fóònù kékeré, ìtumọ̀ lè sá sábẹ́ wọn. Àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ láti inú ìwé ìròyìn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣà wọ́n, nítorí náà ìgbà mìíràn wà tí gbólóhùn máa ń jẹ́ ti ìtumọ̀ mìíràn. Ẹ má ṣe fi wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìkọ́kọ́ kà wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rí lè lo Google Ngram Viewer, tó ń fi ìlà hàn bí ọ̀rọ̀ kan ṣe pọ̀ tó nínú ìwé ní ọdọọdún: ẹ yan "American English", ẹ wo ìlà "gubernatorial", kí ẹ tún yan "British English" fún ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ṣáájú 1800, torí "s" gígùn ìgbà náà jọ "f" lójú ẹ̀rọ. Àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ tí Library of Congress, ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé sórí ìkànnì Chronicling America jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sì lè rí ojú ewé gan-an níbẹ̀. Oxford English Dictionary ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá a lò, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ní Ìlú Ọba ti sanwó rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára káàdì ilé ìkàwé yín ni ẹ ó fi wọlé láti ilé, láìsan kọ́bọ̀.